Ẹmọ́ Kan Péré Ló Dá Ìyàn Sílẹ̀

Ifá sọ ìtàn Ọlọ́run àti Ilẹ̀ tí wọ́n jọ lọ ṣọdẹ. Wọ́n rìn títí, ẹmọ́ kan péré ni wọ́n rí pa. Èyí ní òun làgbà, òun lòun yóò mú un lọ; èkejì ní irọ́ ni. Inú bí Ọlọ́run, ó gba òkè lọ, ó sì sé òjò. Ohun tí wọ́n gbìn gbẹ mọ́ ebè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń túmọ̀ rẹ̀ pé Ọlọ́run làgbà, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Ẹmọ́ yẹn gan-an lèmi tẹjú mọ́. Kí ni ẹran ẹmọ́ fẹ́ ṣe níkùn irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀? Ìjà ipò ló fa ọ̀gbẹlẹ̀ náà, àwọn tí kò bá wọn ṣọdẹ lebi sì pa.

Ẹ wo Sùdáànì. Ní Oṣù Kẹwàá 2021, Ọ̀gágun Abdel Fattah al-Burhan àti Mohamed Hamdan Dagalo, tí wọ́n ń pè ní Hemedti, jọ fipá gbàjọba. Ọdẹ àjùmọ̀ṣe nìyẹn. Nígbà tó kan ta ni yóò wà lábẹ́ ta ni, ìbọn dún ní Khartoum ní ọjọ́ 15, Oṣù Kẹrin 2023. Omi ò wọ́n lórílẹ̀-èdè yìí o: Gezira, láàárín odò Náílì méjèèjì, wà lára oko abomirin tó tóbi jù láyé. Àwọn ọmọ ogun Hemedti ya wọ ibẹ̀ ní Oṣù Kejìlá 2023, àgbẹ̀ sá fi oko sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 2024, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwọ̀n ebi lágbàáyé kéde pé ìyàn ti mú ní Zamzam, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, lẹ́bàá ìlú El Fasher. Nínú El Fasher fúnra rẹ̀, nígbà tí ogun ṣì sé e mọ́ ní 2025, àwọn èèyàn jẹ ambaz: èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Ẹbọ ló parí ìjà Ọlọ́run àti Ilẹ̀. Igún, ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, ló gbé e dókè. Òjò dé kó tó délé. Ó kan ilẹ̀kùn káàkiri, wọ́n lé e, wọ́n ṣá a lórí títí orí rẹ̀ fi pá.

Ní Sùdáànì, àwọn ará àdúgbò ló gbé ẹbọ. Wọ́n dá ilé ìdáná sílẹ̀, wọ́n ń se ẹ̀wà àti ọkà bàbà fún ẹni tó bá gbé abọ́ wá. Àwọn oníbọn mú nínú wọn, wọ́n sì pa nínú wọn. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró ní Oṣù Kìíní 2025, ọ̀pọ̀ ìkòkò kúrò lórí iná. Obìnrin pọ̀ nídìí ààrò wọ̀nyí, àmọ́ ọkùnrin oníbọn ni wọ́n ń pè síbi ìjíròrò. Odù Ifá Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá sì ti sọ bí nǹkan ò ṣe gún mọ́ fún irúnmọlẹ̀ mẹ́rìndínlógún nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo àárín wọn, sílẹ̀.

Owó tí a bá ní, ilé ìdáná wọ̀nyí ni kó kọ́kọ́ dé. Bìrìtéènì ló ń ṣáájú kíkọ ìpinnu lórí Sùdáànì nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìgbìmọ̀ kan náà tó fi ìpinnu 2417 ti ọdún 2018 bẹnu àtẹ́ lu fífi ebi jagun. Ẹ̀yin tí ẹ ń dìbò ní Peckham àti Manchester, ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín nílé aṣòfin. Ẹ bi í pé ta ló ń kó ohun ìjà fún àwọn ọlọ́dẹ méjì yìí, kí sì ni ìjọba rẹ̀ ń ṣe sí i.