Nígbà Tí Àgbà Bá Gbàgbé Ọ̀nà Ilé

 

Ẹ̀yin ará wa ní Nasarawa Gwong, ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí ń bẹ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Bàbá jẹun tán, ó ní wọn kò fún òun lóúnjẹ. Ìyá ń bi ọmọ tí ó bí pé ta ni. Àwọn kan, kí Ọlọ́hun dárí jì wọ́n, a ní àjẹ́ ni ìyá ń jẹ́wọ́. Àìsàn ọpọlọ ni. Súrátu Nahl, ẹsẹ 70, mẹ́nu ba ogbó tí í gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, Ànábì (SAW) pàápàá a sì máa tọrọ ààbò kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Láti 1992 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àgbà wò ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé nínú 1,000 àgbà tí ó ti pé ọdún 65, bí 13 ni ó ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, bí 32 lọ́hùn-ún. Tiwa kéré, àmọ́ ó wà.

Ti àwa ará Jos tún le sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, èdè tí aláìsàn náà kọ́ gbẹ̀yìn ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá tí ó fi Haúsá nájà fún ogójì ọdún yóò máa fèsì ní Yorùbá nìkan, ọmọ-ọmọ tí a fi Haúsá tọ́ kò sì gbọ́. Ilé kún, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀! A kò lè dá ọmọ lẹ́bi ohun tí òbí kò kọ́ ọ.

Lẹ́yìn rògbòdìyàn 2001, 2008 àti 2010, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó kúrò ní àdúgbò wọn. Àgbà tí ó ti gbàgbé ọdún kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò dìde lẹ́yìn Àsùbáà, yóò ní òun ń lọ sílé, ilé tí ó ti jóná. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tì wọ́n mọ́ yàrá. A mọ ẹ̀rù tí ó fà á, ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn. Bí Súrátu Isrá'i bá kọ̀ fún wa láti pòṣé sí òbí tí ó dàgbà sí wa lọ́wọ́, kí ni a ó pe àgádágodo?

Bí wọ́n bá ṣi rákáà kà, ẹ má bá wọn jà. A ti gbé kálàmù kúrò lórí ẹni tí làákàyè rẹ̀ bá lọ. Kí ọmọ dúró tì wọ́n ní sààfù. Ẹ tètè gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn: ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà a máa ba ọpọlọ jẹ́, nígbà mìíràn sì rèé, àìsàn tí ó ṣeé wò ni ó ń da orí wọn rú.

Kí a sọ fún aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, àti fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ NAPEP. Kí a fi nọ́ńbà fóònù sí àpò agbádá bàbá. Ẹni tí ó bá pàdé wọn lọ́nà, kó má jiyàn pé ilé yẹn kò sí mọ́. Kó kí wọn ní Yorùbá, kó di ọwọ́ wọn mú, kó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ," kó sì rọra yà wọ́n sí ọ̀nà ilé.