ÀFÒPINÁ TÍ A KÒ MỌ ORÚKỌ RẸ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ní alẹ́ kan tí a sùn ní Abereke, létí òkun Ìlàjẹ, a kí ìrun Iṣái tán, a jókòó yí àtùpà ká lórí pákó ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi. Àfòpiná ń já lu iná. Ọmọdé kan mú ọ̀kan tí apá rẹ̀ ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ó ní, "Ààfáà, kí ni wọ́n ń pe eléyìí?" A ní àfòpiná ni. Ó ní, "Gbogbo wọn náà kọ́ ni àfòpiná? Èyí gan-an ńkọ́?" A kò rí èsì fún un. Ká má purọ́, ojú tì wá.

Ìwé tí a kà lẹ́yìn náà ló là wá lójú. Irú àfòpiná kan wà tí kò ju èékánná lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pín sí ìyẹ́ mẹ́fà. Ní ọdún 2018, Peter Ustjuzhanin àti Vasily Kovtunovich, àwọn onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ tí à ń pè ní ZooKeys lórí irú wọn tí wọ́n rí ní agbègbè Òkè Kamẹrúùnù. Oríṣi mẹ́sàn-án nínú wọn ni kò tíì ní orúkọ nínú ìwé kankan rí. Wọ́n pe ọ̀kan ní Alucita bakweri, nítorí àwọn Bakweri tó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè náà. Òkun kan náà tó ń lu Abereke ló ń lu ẹsẹ̀ òkè yẹn.

Iná ni wọ́n ń tàn nínú igbó lóru, àfòpiná a sì wá fúnra rẹ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀, wọ́n á fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wo òde àti inú rẹ̀, wọ́n á fi wé àwọn tí wọ́n ti kó pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n tó lè sọ pé tuntun ni.

Ta ló wá tuntun sí? Àwa ni. Ẹni tó dá a mọ̀ ọ́n kí a tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni. Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrà Bákárà pé Òun kọ́ Ànábì Ádámà ní orúkọ gbogbo nǹkan, nígbà tí àwọn màláíkà kò lè dárúkọ wọn. Ogún bàbá wa ni ìsọlórúkọ, kí ló dé tí a fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn? Àwọn kan nínú wa ní ìmọ̀ kòkòrò kì í ṣe ti ẹlẹ́sìn, bẹ́ẹ̀ àwọn náà ló ń ka Súrà Èèrà àti Súrà Oyin!

Ọ̀rọ̀ náà sì ń kánjú. Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹni tó bá ti dé Ayétòrò mọ ohun tí à ń wí. Ilé tó wó là ń kà, a kì í ka ewéko tó bá a lọ. Ọ̀pọ̀ àfòpiná ló jẹ́ pé, kí ó tó hu apá, ewéko kan tàbí méjì péré ló lè jẹ. Bí ewéko bá lọ, òun náà lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é lórúkọ rí.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ara rẹ̀ wé ẹni tó dá iná, tí àfòpiná ń kó sí i, tí òun sì ń di ìbàdí wa mú kí a má baà jóná. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi hádíìsì yìí ṣe wáàsí. A kò wo àfòpiná fúnra rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí nílé-ìwé, ẹ̀yin arábìnrin wa pàápàá, bí ẹ bá gba ìsinmi, ẹ ta aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná lálẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀. Àwa náà yóò mú aṣọ funfun àti ìwé lọ́wọ́ nígbà tí a bá tún ń lọ sí Abereke, nítorí ọmọ yẹn ṣì ń retí èsì.