Ọ̀run Ń Ya Bọ̀: Ta Li Ọ̀rọ̀ Náà Kàn?

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Èmi pẹ̀lú ti fi òwe náà tu ara mi nínú rí. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni mo ti ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, nítorí òkúta kan.

Li ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2024, nígbà tí a ń kọ orin ìbí Olúwa nínú ilé Ọlọ́run, òkúta ojú ọ̀run kan, tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 60, kọjá lẹ́bàá ayé yìí, nǹkan bí ìlọ́po méjì ọ̀nà tí ó dé òṣùpá. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni awò ńlá kan ní ilẹ̀ Chile ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i bí ó ti ń lọ. A sì pe orúkọ rẹ̀ ní 2024 YR4. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣírò ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó lè padà wá kọlu ayé li ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2032. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 18 oṣù kejì 2025, ewu náà ti tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fa ìlà sí orí àwòrán ayé láti fi ibi tí ó lè bọ́ sí hàn: láti òkun Pàsífíìkì, ó gba apá àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà, ó la Áfíríkà já, ó sì dé Íńdíà. Nàìjíríà wà lábẹ́ ìlà náà. Ìwé ìròyìn sì dárúkọ Èkó wa yìí. Kí oṣù náà tó parí, ìṣírò titun fi hàn pé kò ní kọlu ayé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà náà kò kúrò li ọkàn mi. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ lu gbogbo ènìyàn. Àwọn kan li ó ń bọ́ lù.

Agbára ènìyàn sì ti ń tó láti ti òkúta kúrò li ọ̀nà. Li ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2022, ọkọ̀ DART tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán lọ, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, fi orí sọ òkúta Dimorphos, èyí tí ó ń yí òkúta mìíràn po. Wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55 li ó fi ń yí i po tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìkọlù náà, ohun tí ó lé ní ìṣẹ́jú 30 dín nínú rẹ̀. Dimorphos kò wu ẹnikẹ́ni léwu, ìdánwò ni. Li oṣù kẹwàá 2024, àwọn ará Yúróòpù rán ọkọ̀ Hera tẹ̀lé e, láti lọ mọ bí òkúta náà ti wúwo tó àti bí inú rẹ̀ ti rí. Ẹni tí kò mọ ìwúwo ohun tí ó ń tì, báwo ni yóò ti mọ ibi tí yóò dúró?

Níhìn-ín ni ìbéèrè mi wà. Bí a bá ti òkúta, tí títì náà kò tó, kò ní yẹra fún ayé. Yóò kàn sún lórí ìlà náà, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àwa tí a ń gbé li Alápẹ̀rẹ̀ mọ ohun tí ó jọ èyí. Nígbà òjò, ẹnìkan a da yanrìn kún àgbàlá rẹ̀ kí omi má baà wọlé. Omi náà kò gbẹ, ilé aládùúgbò rẹ̀ li ó wọ̀. Gbogbo wa li a ti bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wa sì ti ṣe é.

Olúwa wa sọ ti àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù, pé wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ilé ìṣọ́ náà wó fúnra rẹ̀. Bí ẹnìkan bá rí i pé ó ń tẹ̀ sí ìhà ilé tirẹ̀, tí ó sì fi igi tì í sí ìhà ilé ẹlòmíràn ńkọ́? A lè dáhùn pé kí ó bọ́ sí ibi tí ènìyàn kò pọ̀ sàn ju kí ó bọ́ sí Èkó lọ. Èmi kò lè fi ọwọ́ rọ́ èsì náà tì, nítorí Èkó ni àwọn ọmọ mi wà. Ṣùgbọ́n Káyáfà pẹ̀lú mọ irú ìṣírò yìí, kò sì bi ẹni tí yóò kú léèrè. (Pé Olúwa fi ara Rẹ̀ jìn kò dá Káyáfà láre.)

Lójú mi, kò tọ́ kí a ti òkúta kan láìkọ́kọ́ rán ọkọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, bí àkókò bá wà. Kò sì tọ́ kí àwọn tí ó ní ọkọ̀ nìkan jókòó ṣe ìpinnu. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìgbìmọ̀ lórí ọ̀ràn ojú ọ̀run. Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa kan, Dókítà Adigun Ade Abiodun, sì ti ṣe alága rẹ̀ rí. Àga wa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọ tí yóò jókòó lórí rẹ̀ wà ní kíláàsì yín.

Li alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 2029, òkúta Apophis yóò kọjá ní nǹkan bí 32,000 kìlómítà sí ilẹ̀. Kò ní kọlù wá. Bí ìkùukùu bá gbà fún wa, a ó fi ojú lásán rí i láti Alápẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, bí ìràwọ̀ kan tí ó ń rìn.