Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń fẹ́ àròjinlẹ̀ láàrin wa ní apá òkè Èkìtì yìí, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, àti láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ilé: bí ó ti yẹ kí ilé ènìyàn tóbi tó, àti iye ọjọ́ ayé rẹ̀ tí ó tọ́ kí ó fi san owó rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gba títì kọjá nínú àwọn ìlú wa yóò rí oríṣi ilé méjì tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá tí a ti parí, tí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí koríko sì ti kún àgbàlá rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín wà ní Èkó tàbí ní Àbújá, tàbí lókè òkun. Kérésìmesì àti òkú sísin ni ó ń mú un wálé. Èkejì ni èyí tí ògiri rẹ̀ dúró lókè fèrèsé láti ọdún pípẹ́, tí igi ti hù láàrin pálọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ irú rẹ̀ lélẹ̀ ni ó ti sùn nínú Olúwa, nínú yàrá tí wọ́n háyà, tí aya àti ọmọ wọn sì ń san owó ilé fún onílé títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni yàrá méjìlá wà tí òjò ń rọ̀ sí.

Kí ni ó mú kí ẹni tí ó ní owó yàrá mẹ́ta fi ìpìlẹ̀ yàrá méjìlá lélẹ̀? Ìtìjú ni. Kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé gbogbo làálàá rẹ̀ kò ju yàrá mẹ́ta lọ. Ó gbé gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù àti irin, owó náà tán kí ó tó kan òrùlé. Àwọn baba wa tí ó wí pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ kò sọ ọ́ láti fi eku ṣe ẹlẹ́yà; eku ni wọ́n yìn, nítorí tí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn baba wọ̀nyí ti gbé. Ní agbo ilé àtijọ́, yàrá kò tóbi rárá. Ibi tí a ń sùn sí ni, tí a sì ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá ni a ń gbé: níbẹ̀ ni a ti ń dáná, tí a ti ń gún iyán, tí a ti ń parí ìjà, tí àwọn ọmọdé sì ti ń gbọ́ àlọ́ lábẹ́ òṣùpá. Yàrá lè kéré nítorí tí àgbàlá tóbi, àgbàlá náà sì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ náà ni a fi ń mọ ọ́n, ní ìpele-ìpele. A ó mọ ọ̀kan, a ó sì dúró kí ó gbẹ kí a tó gbé èkejì lé e. Ewé gbòdògì tàbí koríko ni òrùlé, ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́, oúnjẹ àti ẹmu sì ni owó iṣẹ́. A kì í gbọ́ nígbà náà pé ilé kan sọ ẹni tí ó kọ́ ọ di onígbèsè.

Lẹ́yìn náà ni kòkó dé. Ọ̀pọ̀ ará Èkìtì ni ó fi ilé sílẹ̀, tí ó lọ dá oko kòkó nínú igbó ìhà Oǹdó. Inú àhéré ni wọ́n ń gbé níbẹ̀: òpó igi mélòó kan, ògiri ẹrẹ̀, òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ tàbí páànù ògbólógbòó, ibùsùn kan, ààrò kan, ìkòkò omi kan. Ẹlòmíràn lo 20 ọdún nínú rẹ̀, ẹlòmíràn lo 30. Níbẹ̀ ni ó ti tọ́ ọmọ, níbẹ̀ ni ó ti ń ṣe àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́ pẹ̀lú agbo ilé rẹ̀. Owó tí ó ti inú àhéré yẹn jáde ni ó fi kọ́ ilé alápánù ńlá sí ìlú, èyí tí ó ń sùn sí nígbà ọdún. Bí ẹ bá sì bi í léèrè ibi tí ilé rẹ̀ wà, yóò nawọ́ sí ìlú. Èyí tí ó gbé, àhéré ni ó ń pè é. Èyí tí kò gbé ni ó ń pè ní ilé. A kò wí èyí láti gan àwọn baba wa, nítorí owó kòkó yẹn kan náà ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a béèrè: nínú méjèèjì, èwo ni ó ṣe iṣẹ́ ilé fún un?

Àwa Kristẹni kò lè wí pé a kò mọ ilé kékeré. Inú àgọ́ ni Ábúráhámù gbé pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Òfin Mósè mú kí Ísírẹ́lì jáde kúrò nínú ilé wọn fún ọjọ́ 7 lọ́dọọdún, kí wọn gbé abẹ́ ẹ̀ka igi, kí wọn má baà gbàgbé aginjù. Àwọn ọmọ Rékábù, tí ìwé Jeremáyà ròyìn, kọ̀ láti kọ́lé rárá. Ṣùgbọ́n kí a kíyèsí i pé ìgbọràn wọn sí baba wọn ni Olúwa yìn, kò yìn wọ́n nítorí àgọ́. Ẹni tí ó bá ń gbé yàrá kan kò ní ìdí láti rò pé òun sàn ju aládùúgbò òun lọ.

Ìjọ wa pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Bàdágìrì, ilé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. tí a parí ní 1845 ni a ń kà sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni ilé olókè sì ti di àmì ọ̀làjú lójú wa. Ní ọdún 1845 kan náà, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Henry David Thoreau, kọ́ ilé onígi kan sẹ́bàá adágún Walden, ní ìlú Concord. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni ìbú rẹ̀, 15 ni gígùn rẹ̀; iye tí ó ná lé e lórí sì jẹ́ dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12 àbọ̀. Ó gbé ibẹ̀ fún ọdún 2 àti oṣù 2, ó sì kọ ìwé tí a ń kà títí di òní. Ó yẹ kí a fi kún un pé kò ní aya, kò ní ọmọ, kò sí àna tí yóò wá kí i. Ilẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sì kọ́ ọ sí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ní ilẹ̀ náà tún ti padà sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí gbèsè ilé tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìlànà ilé kíkọ́ wọn ti 2018 ka ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 níbùú àti 20 lóròó lọ sí ilé kékeré; yàrá wa mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó ti ju èyí lọ díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ kọ́ tiwọn sórí táyà, kí mọ́tò lè máa fà á kiri, nítorí pé òfin ìlú mìíràn kò gbà kí a fi ìpìlẹ̀ ilé tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ lélẹ̀.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé ilé Yorùbá kì í ṣe ti ẹnìkan. Ẹ̀gbọ́n yóò wá, ọmọ àbúrò yóò wá kàwé, òkú yóò kú, àlejò yóò sì sùn. Òótọ́ ni, àtakò yìí sì wúwo. A ti rí ẹni tí ó kọ́ ilé kékeré kí ìyá rẹ̀ má baà rí ibi sùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kéré nítorí ahun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó wí pé yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Ẹni tí ó kọ́ yàrá mẹ́ta, tí ó sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò àti àgbàlá sí i, gba àlejò ju ẹni tí ó ní yàrá méjìlá tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn onílé ti ń kọ́ yàrá wótòwótò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá wọ inú àwọn mìíràn, fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, tí ó kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí àgbàlá, owó rẹ̀ kò sì kéré bí ó ti kéré. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn yan ilé kékeré fún ara rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ẹlòmíràn há a mọ́ inú rẹ̀ nítorí èrè. Àwọn onílé tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ wa ni a ń bá wí ní gbangba níhìn-ín.

Kí ni ẹni tí kò ní owó púpọ̀ yóò ṣe? Lójú wa, kí ó kọ́ yàrá méjì, kí ó kan òrùlé rẹ̀, kí ó kó wọ inú rẹ̀, kí ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìgbà tí Ọlọ́run bá pèsè sí i. Kí ó má sì tijú ẹrẹ̀. Nigerian Building and Road Research Institute, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, ti ń fi hàn pé a lè po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, kí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di bíríkì tí ó le. Bí ìpìlẹ̀ bá ga kúrò nínú àgbàrá, tí etí òrùlé sì yọ jáde dáadáa kí òjò má baà na ògiri, ilé ẹrẹ̀ yóò pẹ́, yóò sì tutù ju ti búlọ́ọ̀kù lọ ní ọ̀sán ẹ̀rùn. Ìmọ̀ràn yìí kan àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ pẹ̀lú, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ìsìn fún 1,000 ènìyàn lélẹ̀ níbi tí 200 ti ń jọ́sìn, tí ìkórè lẹ́yìn ìkórè kò sì parí rẹ̀.

Obìnrin Ṣúnémù nì kò kọ́ ààfin fún Èlíṣà. Yàrá kékeré kan ni, lórí ògiri, pẹ̀lú ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà. Wòlíì kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìdó, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà, àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn gbé aláìsàn wọn wá, ẹni tí ó bá sì ti ṣe olùtọ́jú aláìsàn rí mọ bí ó ti rí láti máa wá ibi tí a ó fẹ̀yìn lé ní òru. Ilẹ̀ ìjọ pọ̀ ní agbègbè náà. Yàrá mẹ́rin tí ó kéré, tí a fi bíríkì ẹrẹ̀ mọ, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan so pọ̀, kànga àti ilé ìdáná lẹ́yìn rẹ̀: ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú ìjọ lè parí rẹ̀ láàrin ẹ̀rùn kan, bí ó bá fi owó aṣọ àjọ̀dún ọdún kan sílẹ̀ fún un.