Ọ̀ṣẹ́túrá, àti ẹni tí a kò pè sí ìpàdé



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dáfá lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Odò níhìn-ín. Mi ò ní júwe ẹ̀, òun náà ló sì ní kí n kọ ọ́. Ó fẹ́ du ipò kékeré kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù wọn, torí ọ̀rọ̀ gọ́tà àti ọ̀nà tó bàjẹ́ ń dùn ún. Ó dorí kodò, ó ní, "Bàbá, ọkùnrin bíi tèmi ni mò ń fẹ́. Bí wọ́n bá mọ̀, ayé mi bàjẹ́. Ṣé kí n jáde ni, àbí kí n jókòó sílé?" Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣánlẹ̀. Ọ̀ṣẹ́túrá ló yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Odù yìí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Ifá: òrìṣà mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe, Ọ̀ṣun nìkan lobìnrin. Àwọn ọkùnrin ń ṣe ìpàdé, wọn ò pè é. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ń dàrú. Ìgbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó bi wọ́n pé ẹnì kẹtàdínlógún yín dà? Àfìgbà tí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun kí nǹkan tó tò.

Ẹ fiyè sí ìbéèrè yẹn. Kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn Ọ̀ṣun, tàbí bóyá ìwà ẹ̀ tẹ́ wọn lọ́rùn. Ṣé ẹ pè é ni?

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn awo ẹgbẹ́ mi á sọ. Àwọn kan á ní Ifá kọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á mú mi lọ sí Ògúndá Méjì, níbi tí Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti lọ yan orí nílé Àjàlà, wọ́n á ní orí tí kálukú yàn ló ń bá a rìn. N ò lè parí ìyẹn lónìí. Ká tiẹ̀ gbà fún àwọn àkọ́kọ́. Ṣé omi gọ́tà ò ní wọ ilé ẹni tí ìwà ẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn ni? Bó bá ní ìpín nínú ìyà ìlú, kí ló dé tí kò ní ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ ìlú?

Ọjọ́ pẹ́ tí òfin tí Òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sórí ọ̀rọ̀ yàrá. Èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 wá wọ inú ìpàdé: ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tàbí tó kópa nínú ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Ẹni tí òfin bá ń ni lára, ṣebí ó yẹ kó lè kó èèyàn jọ, kó lọ bá aṣòfin ẹ̀, kó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí wò. Òfin yìí di ẹnu tí wọn ì bá fi bẹ̀bẹ̀. Wọ́n lè dìbò o, kò sẹ́ni tó gba káàdì lọ́wọ́ wọn; àmọ́ wọn ò lè sọ ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ dìbò.

Kò jìnnà sí wa. Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n kó ọkùnrin 57. Ọlọ́pàá ní wọ́n ń gba ọmọ ẹgbẹ́ wọlé. Àwọn tí wọ́n mú ní ọjọ́ ìbí làwọn wá ṣe. Wọ́n gbé 47 lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2020, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù torí ìjọba ò mú ẹlẹ́rìí wá. Ọdún méjì! Ojú wọn ti kárí ìlú nígbà yẹn.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kó wọn, a ṣe ìpàdé onílé ládùúgbò wa. Wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N ò bi ara mi bóyá ọmọ ẹnì kan nínú àwa tá a jókòó wà níbẹ̀.

Oṣù tí ẹjọ́ yẹn parí náà ni ìwọ́de EndSARS. Àwọn kan nínú wọn gbé páálí tiwọn jáde, torí SARS ò yọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọ́de ló tún ń ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Àwa onísẹ̀ṣe ló yẹ kí èyí tètè yé. Ṣebí lọ́dún 2023 ni wọ́n ní kí ìyálóòṣà kan má ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe n'Ílọrin? Lọ́dún kan náà, ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ fún Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. A béèrè fún un ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ àti ẹgbẹ́ wa. Ọlọ́pàá kankan ò lè ní ẹgbẹ́ tá a dá sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹbọ tí Ifá ní kó rú, mo kà á fún un, ó ti rú u. Ti ipò yẹn, n ò lè ní kó lọ, n ò sì lè ní kó má lọ. Ìgbà tó dìde ló wá bi mí: "Bàbá, bí wọ́n bá gbé mi, ṣé ẹ máa wá sí àgọ́ ọlọ́pàá?"

Mo ń ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ mi. Ó ní òun á padà wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀.