Ẹ Jọ̀ọ́, Ta Ló Ní PDF Rẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú gúrúùpù WhatsApp wa fi àwòrán ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde hàn wá. Kò tíì pé ìṣẹ́jú 2 tí ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀ fi dé: "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní PDF rẹ̀?" Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, PDF ti balẹ̀. Àwọn kan ń dúpẹ́, àwọn kan ń ṣàdúrà fún ẹni tó gbé e wá pé kò ní rí ibi láyé. Lọ́jọ́ kẹta, nọ́ńbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá kọ̀wé sí wa pé: "Ẹ kú alẹ́ o. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?"

Kò bú wa. Kò ní ká san kọ́bọ̀. Síbẹ̀, gúrúùpù tó máa ń hó bí ọjà pa rọ́rọ́. Nígbà tí a sì máa lanu, àríyànjiyàn ló dé, kò sì tíì tán títí di òní. Ohun tí à ń fà nìyí: àwa tí a ní a fẹ́ràn ìwé, ṣé olè ni wá ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń kàwé. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kà á. À ń kà á nínú dáńfó nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú wa, à ń kà á lórí ìlà ní bánkì, à ń kà á lóru tí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí a ti dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù kí bátìrì má baà kú. Àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé ìwé tó ṣe é dì mú nìkan ni wọ́n fẹ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń kà, kò sì sí ìmọ̀ràn tí a ò tíì gbà á. Ìṣe wa ò jọra, àmọ́ ohun kan pa wá pọ̀: kò sẹ́ni tí kò kó PDF jọ. Ẹni tí tiẹ̀ kéré jù ní 40. Ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ jù ní ju 600 lọ, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò tíì ka 20 tán nínú wọn.

Àwíjàre tí a kọ́kọ́ gbé dìde ni ti yíyá. Ṣebí àwọn òbí wa náà yá ìwé kà? Ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1974, lè yí họ́sítẹ̀ẹ̀lì ká títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi bọ́, kò sì sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni lólè. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹ bá yá ọ̀rẹ́ yín níwèé, ọwọ́ yín ṣófo nìyẹn. Ẹ ó dúró dè é, ẹ tiẹ̀ lè bá a jà kó tó dá a padà. Ẹ̀dà kan la rà, ẹ̀dà kan náà ló ń rìn kiri, ẹni tí kò bá sì lè dúró mọ́ á lọ ra tiẹ̀. PDF kì í rìn ní tiẹ̀, ńṣe ló ń bímọ. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ò pàdánù nǹkan kan, ẹni 200 tó gbà á ti ní tiwọn, kò sì sẹ́ni tó máa dúró de ẹnì kankan. Ilé ìkàwé pàápàá, wọ́n ti ra ìwé kí wọ́n tó yá wa. Nítorí náà, ká má fi orúkọ yíyá bo ohun tí à ń ṣe.

Èkejì ni ti owó. Owó ò sí nílùú, ìyẹn ò sí lórí àríyànjiyàn. Ọmọ ilé ìwé tó ń yàn láàárín ìwé àti gàrí, a ò lẹ́nu láti bá a wí. Òfin àtijọ́ kan wà nínú Bíbélì, nínú ìwé Deuteronomi, tó gbà kí ẹni tó bá wọ ọgbà àjàrà ẹnìkejì jẹ àjàrà níbẹ̀ títí á fi yó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kó o sínú agbọ̀n lọ ilé. A fẹ́ràn òfin yìí nítorí pé ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ebi àti ìkójọ. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́, tó ka ìwé kan, tí ìwé náà sì wọ̀ ọ́ lára, ebi ló ń pa á. Ẹni tó kó 600 jọ, tí kò ka 20, agbọ̀n ló gbé wọ oko olóko. Kí ẹ sì má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ní a ò lówó ló ń ra dátà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé tí à ń wí yìí, iye tí ẹni tó kọ ọ́ ń tà á ò tó owó dátà ọ̀sẹ̀ 2.

Ẹ̀kẹta ló le jù: ìwé tí kò sí lórí àtẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ló wà tí wọn ò tún tẹ̀ mọ́, téèyàn lè wá a títí kó má rí i. Òfin Nàìjíríà, ìyẹn Copyright Act ti 2022, ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà fún ọdún 70 lẹ́yìn ọdún tó bá kú. D. O. Fágúnwà tó kú ní 1963, òfin ṣì ń dáàbò bo ìwé rẹ̀ títí 2033 yóò fi parí. Òfin ò bèèrè bóyá ìwé náà wà lọ́jà. Òfin kan náà gbà kí wọ́n ṣe ẹ̀dà tí àwọn afọ́jú lè kà, tó fi hàn pé òfin fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀dà ló jẹ́ olè jíjà. Ní tiwa, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kà mọ́ ti kú, ẹni tó sì ń gbé òkú ìwé dìde kì í ṣe ọ̀tá ẹni tó kọ ọ́. Àmọ́ ibi tí ara ti ń ta wá nìyí: ìgbà mélòó la béèrè ná? Ìgbà mélòó la kọ̀wé sí òǹtẹ̀wé, tàbí tí a wá àwọn ọmọ òǹkọ̀wé lọ, ká tó sọ pé "kò sí lọ́jà"? Ìwé ẹni tó kí wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn wà lọ́jà. A ò béèrè ni.

Ìwé Yorùbá ò sì rí bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò WAEC á rí ẹni rà á. Èyí tí wọn ò yàn, tó jẹ́ pé fáàjì la fẹ́ fi kà, àwa díẹ̀ tí a fẹ́ràn rẹ̀ nìkan ló ní. Ìtàn Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ, lẹ́tà lẹ́tà ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929, ó sì di ìwé ní 1930. Àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Sẹ̀gilọlá máa já sí wà lára ohun tó gbé ìtàn náà ró. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló rà á, tí àwọn yòókù ń dà á kọ, ṣé a máa rí Sẹ̀gilọlá kà lónìí?

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Gbogbo wa la na ọwọ́ gbepo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tó sì dùn wá jù kì í ṣe ti owó. Nílẹ̀ wa, a kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láì kí i. Kódà ẹni tó ń gbálẹ̀ lójú títì, a ó ní "ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹni tó jókòó ti ìwé fún ọdún mélòó kan, tó ń to ọ̀rọ̀, tó ń fi àmì sórí rẹ̀, a kọjá lára rẹ̀, a sì lọ ń kí ẹni tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá fún wa.

Àwa 11 ti ra ìwé náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí kò rà á ní, "Mo ti kà á tán, kí ni mo tún fẹ́ rà á fún?" Ìdáhùn wa ni pé ẹni tó jẹun tán níwájú olóúnjẹ kì í sọ pé òun ò jẹ gbèsè nítorí pé òun ti yó. Kò gbà, àwa náà ò sì tíì pa fáìlì tiwa rẹ́ tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹni tó bá gbé ìwé tuntun wá, ìbéèrè tó ń kọ́kọ́ jáde ti yí padà: "Níbo la ti lè rà á?"

A sì dá òǹkọ̀wé yẹn lóhùn nígbẹ̀yìn. A ní: ẹ kú iṣẹ́. A gbádùn rẹ̀ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́.