Ǹjẹ́ Odi Lè Purọ́?

Ní Havana, olú-ìlú Kúbà, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ tábìlì dómínò sí. Ènìyàn mẹ́rin ní í ta á, méjì sí méjì. Ẹni tó bá kọjú sí ni ni ẹnìkejì ẹni. Ọmọ dómínò tiwọn jẹ́ 55: oníkálukú a mú 10, 15 a sì dojú bolẹ̀. Wọ́n a máa sọ pé odi ló dá eré náà sílẹ̀, nítorí èèwọ̀ ni kí a fi ẹnu tàbí àmì ojú sọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni. (Ariwo wọn kò kéré ṣá o! Gbàgà ni wọ́n ń la ọmọ mọ́ tábìlì.)

Bí ó bá ṣe pé ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan ló bá ti ilẹ̀ mu, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ ti àgbọ̀n bí ẹni tó ń yan èyí tí yóò ta, kò fọhùn, ṣùgbọ́n ó ti purọ́. Àwọn kan yóò ní ọgbọ́n eré ni. Bí ó bá ṣe ayò ọlọ́pọ́n tiwa ni, n kò ní bá wọn jiyàn: ẹni méjì péré ló ń ta á, alátakò nìkan ni ẹ̀tàn náà bá. Ti dómínò yàtọ̀. Ẹnìkejì ẹni pẹ̀lú ń wò ní òdìkejì tábìlì. Ohun tó rí ni ó fi ń ṣírò ọmọ ọwọ́ ẹni, títí kan pé yóò ba ti ara rẹ̀ jẹ́ kí tẹni lè kọ́kọ́ tán. Irọ́ tí a pa fún alátakò, òun náà rí i. Àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, nítorí òun ló fọkàn tán ni.